Kí Ẹ Tó Dá Tábúlẹ́ẹ̀tì Lẹ́bi

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tíṣà, àwọn oníṣòwò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó pa ìgbádùn Sátidé tì wá jókòó síbí, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru. Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì. Títún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe niṣẹ́ mi, ohun tí mo sì fẹ́ bá yín sọ kò pọ̀: ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé ó ti kú, kò kú rárá. Okùn rẹ̀ ló bàjẹ́, tàbí ṣájà rẹ̀ ni kò lágbára, tàbí káàdì inú rẹ̀ jẹ́ ayédèrú, tàbí kọnẹ́síọ̀n já síbi tó jìnnà sí i pátápátá. Èèyàn á fi owó ńlá ra tábúlẹ́ẹ̀tì, á wá fi owó ẹ̀kọ ra okùn tó ń gbé iná lọ bá a. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 2005, ilé iṣẹ́ Nokia ti ilẹ̀ Finland gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń jẹ́ Nokia 770, Internet Tablet ni wọ́n pè é. Ojú rẹ̀ kò ju ínṣì mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, ó ní kálámù kékeré tí wọ́n fi ń tẹ ojú náà, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Linux ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kò níbi tí èèyàn lè ki puce, ìyẹn káàdì SIM, sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wá Wi-Fi, tàbí kó fi Bluetooth so ó mọ́ fóònù tó wà lápò rẹ̀. N800 tẹ̀lé e ní 2007, ó ní ihò káàdì mẹ́mọ́rì méjì. Kí ọdún náà tó parí, N810 dé pẹ̀lú pátákó ìtẹ̀wé tó ń yọ jáde lábẹ́ ojú rẹ̀, àti GPS. Nígbà tí Apple gbé iPad jáde ní 2010, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bí tábúlẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó lo 770 ti mọ̀ tipẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, ìta ara rẹ̀ ló wà.

Títí dòní, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Wàndó ni kò gba puce. Ẹ wo ara páálí kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí Wi-Fi nìkan, tí ẹ kò rí 4G tàbí LTE níbì kankan, puce kò ní wọ ibẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ iná ṣíwájú, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ pọ̀ sí jù. Iná tó ń gba USB lásán wọlé, vóòltì 5 ni. Bí iná náà ṣe pọ̀ tó ló yàtọ̀ láti orí ṣájà kan sí òmíràn. Orí ṣájà fóònù kékeré àtijọ́ ń mú áńpíà 1 wá, ìyẹn wáàtì 5. Ihò USB ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdajì áńpíà ni tirẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì olójú ínṣì 10 sábà máa ń ní bátìrì bíi 7,000 mAh (mAh ni wọ́n fi ń ka bí bátìrì ṣe tóbi tó). Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, iná tí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ń gbà mọ́ra tó nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 27. Ẹ pín 27 sọ́nà 5: ó lé ní wákàtí márùn-ún kó tó kún, a ò sì tíì ka èyí tó ń di ooru dànù lójú ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án nìyẹn o. Bí ọmọ bá tún ń wo fídíò lórí rẹ̀ bó ti ń gba iná, ojú ńlá yẹn nìkan lè jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wáàtì 5 náà. Ẹ ó rí àmì iná lára bátìrì, ẹ ó sì tún rí i tó ń ti 40 bọ́ sí 38. Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé ẹ̀mí kan ló wà nínú tòun. Orí ṣájà fóònù ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń lò.

Nítorí náà, ẹ yí orí ṣájà yín dà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Output tàbí Sortie sí pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Bí ẹ bá rí 5V 1A, ti fóònù kékeré ni. 5V 2A tó tábúlẹ́ẹ̀tì gbé. Bí ẹ bá tún rí 9V níbẹ̀, orí ṣájà yẹn lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí tábúlẹ́ẹ̀tì yín bá mọ bí a ti ń gbà á. Kò ní jó o bí kò bá mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á fẹnu kò sórí 5.

Mo sọ pé wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wo okùn méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Dúdú ni méjèèjì, ẹnu wọn rí bákan náà, èmi náà ò lè fojú mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo ti la ìkan kí ẹ lè rí inú rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì péré, pupa kan, dúdú kan. Ẹ wá wo èkejì tí mo là: pupa, dúdú, àwọ̀ ewé àti funfun. Pupa àti dúdú ló ń gbé iná. Àwọ̀ ewé àti funfun ló ń gbé ọ̀rọ̀. Okùn oníwáyà méjì á fún tábúlẹ́ẹ̀tì níná, àmọ́ bí ẹ bá fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó fọ́tò, kọ̀ǹpútà kò ní rí nǹkan kan. Nígbà mìíràn tábúlẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ ní mọ irú orí ṣájà tó wà lókè, ojora á mú un, á máa fa iná díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló ti bínú sí kọ̀ǹpútà ilé ìwé nítorí irú okùn yìí. Ẹ béèrè okùn tó ń kó fáìlì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, kí ẹ sì dán an wò níwájú rẹ̀. Ẹ má ra èyí tó gùn gbọọrọ tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, torí bí wáyà bá ti gùn tó tí kò sì nípọn, bẹ́ẹ̀ ni iná ń rọ̀ kó tó dé òpin.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa ihò tí okùn ń wọ̀. Erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa yìí, pàápàá nígbà ọyẹ́, máa ń wọ ibẹ̀ pẹ̀lú òwú inú àpò. Bí ẹ bá ṣe ń ti okùn wọlé lójoojúmọ́ lẹ ń ki idọ̀tí náà mọ́lẹ̀, títí okùn kò fi ní wọlé tán mọ́, tó bá mì díẹ̀ iná á já. Ẹ pa tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ tan iná sí ihò náà, ẹ fi igi ìtayín yọ idọ̀tí náà jẹ́jẹ́. Igi ni mo wí o. Abẹ́rẹ́ á ba irin inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọ̀ ọ́.

Ó tún ku ti orí ṣájà tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Ẹsẹ̀ mẹ́ta pẹrẹsẹ ni tirẹ̀, ojú iná ara ògiri wa sì jẹ́ ihò róbótó méjì. Agbára iná ìlú méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí iná wa máa ṣe orí ṣájà náà. Adaptateur, ohun tí a fi ń mú ẹsẹ̀ mẹ́ta wọ ihò méjì, bó bá ti dẹ̀, òun ni ọ̀tá. Bí ẹ bá ń gbọ́ tó ń dún ṣẹ́ẹ́rẹ́ṣẹ́ẹ́rẹ́, tó sì gbóná, ẹ yọ ọ́ kíá. Orí ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì kò wọ́n, okùn tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ á sì wọ̀ ọ́.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ béèrè lọ́wọ́ mi níbí pé, "Ẹ̀gbọ́n, powerbank mi kọ 10,000 sí ara, tábúlẹ́ẹ̀tì mi sì jẹ́ 7,000. Kí ló dé tí kò fi kún lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀?" Ìbéèrè yìí dára púpọ̀, ìyá mi. 10,000 mAh yẹn, lórí vóòltì 3.7 ni wọ́n ti kà á, èyí tó jẹ́ wáàtì-wákàtí 37. Kó tó jáde gba okùn, ó gbọ́dọ̀ di vóòltì 5, nígbà tó bá wọ tábúlẹ́ẹ̀tì á tún sọ̀ kalẹ̀. Ní ibodè méjèèjì ló ti ń san owó orí. Ohun tó máa kù kò ju wáàtì-wákàtí 30 lọ, ó sì lè má tó o. Tábúlẹ́ẹ̀tì yín ń fẹ́ 27. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa kún, powerbank yín kò sì ṣẹ̀ yín. Èyí tí mo máa ní kí ẹ ṣọ́ra fún ni èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí lára, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ju fóònù lọ. Bátìrì máa ń wúwo.

Ẹ má fi tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ nínú oòrùn, ẹ má sì jẹ́ kó gba iná lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wú, ẹ dáwọ́ iná dúró, ẹ má gún un, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Káàdì mẹ́mọ́rì ńkọ́? Ibí yìí ni olè wà. Àwọn kan ń ta káàdì tí wọ́n kọ 512 tàbí 1,000 gígábáìtì sí lára, tó sì jẹ́ pé 8 tàbí 16 ni inú rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti kọ́ káàdì náà ní irọ́: bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá bi í léèrè bó ṣe tóbi tó, á dáhùn pé 512. Ẹ ó máa kó fọ́tò sí i, kò ní ráhùn, àwọn fáìlì á máa yọ orúkọ wọn jáde dáadáa. Ìgbà tí ààyè tòótọ́ bá tán ni àwọn tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í gorí àwọn ti tẹ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n má sí níbẹ̀ rárá. Ẹ ó ṣí fọ́tò ìyàwó tuntun, ẹ ó rí eérú. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún kọ̀ǹpútà Windows tó ń jẹ́ H2testw: ó máa ń kọ nǹkan kún káàdì náà, á sì tún kà á padà láti mọ ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń pẹ́, àmọ́ ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ bá ra káàdì. Tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mìíràn sì wà tí kò gba ju káàdì 32 lọ. Bí ẹ bá ki 64 sí i, á ní kò sí káàdì níbẹ̀. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ó wá kan kọnẹ́síọ̀n. Àmì Wi-Fi tó ń yọ lókè tábúlẹ́ẹ̀tì ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Bí àmì náà bá kún, ohun tó ń sọ ni pé tábúlẹ́ẹ̀tì àti rúútà, àpótí tó ń pín Wi-Fi, ń gbọ́ra wọn. Kò sọ pé rúútà ń gbọ́ ayé. Ẹnu ẹ̀rọ omi ilé yín lè máa dán kí tánńkì gbẹ. Lọ́jọ́ 14 oṣù March 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. ACE àti SAT-3 ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa ní Benin, ó sì kan àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ń pa tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tàn án. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ti nu tirẹ̀ pátápátá, ó dá a padà sí bó ṣe wà nínú páálí, fọ́tò lọ, nọ́ńbà lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ò dé. Ohun tó já wà nísàlẹ̀ òkun ní Côte d'Ivoire.

Ọ̀dọ̀ yín ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ síta. Ẹ kọ́kọ́ mú fóònù ẹlòmíràn tó wà lórí Wi-Fi kan náà. Bí tirẹ̀ bá ń ṣí ojúewé, ọ̀dọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì yín ni wàhálà wà: ẹ tẹ Mode avion, èyí tó ń pa gbogbo kọnẹ́síọ̀n rẹ̀, ẹ ka dé mẹ́wàá, ẹ pa Mode avion náà. Bí fóònù náà kò bá ṣí nǹkan kan, ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní àlàáfíà, rúútà tàbí ibi tó jù ú lọ ni kí ẹ wò. Nínu tábúlẹ́ẹ̀tì pátápátá, ìyẹn ni ohun tí ẹ máa ṣe kẹ́yìn, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní rúútà nílé, fóònù la fi ń ṣe partage de connexion, ìyẹn pínpín kọnẹ́síọ̀n (hotspot), fún tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó dára. Àmọ́ nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Èkíní, fóònù tuntun lè máa fi ìgbì 5 GHz pín kọnẹ́síọ̀n, tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sì lè jẹ́ èyí tó mọ 2.4 GHz nìkan. Ẹ ó fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, tábúlẹ́ẹ̀tì kò ní rí orúkọ fóònù rárá. Ẹ wọ ètò partage lórí fóònù, ẹ yí i sí 2.4. Ó tilẹ̀ sàn fún ilé wa, torí ìgbì 2.4 ń gba ara ògiri kọjá ju 5 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 5 yára jù ú. Bí ó bá rí orúkọ náà tó sì kọ̀ láti wọlé, ẹ wo irú ààbò tó wà níbẹ̀: bí WPA3 bá ni, ẹ fi sí WPA2.

Èkejì ló ń jẹ forfait, ìyẹn dátà tí ẹ rà. Lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi ni Wi-Fi. Kò mọ̀ pé forfait ọlọ́jọ́ kan lẹ rà. Bó bá ti rí i báyìí, á ní ọwọ́ òun ti ba Wi-Fi, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ètò inú rẹ̀ dọ̀tun, á máa kó fọ́tò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò náà á sì yan èyí tó mọ́ jù nítorí pé ojú rẹ̀ fẹ̀. Kí ẹ tó ka ìwé ìròyìn kan tán, forfait ti parí, ẹ ó ní ilé iṣẹ́ fóònù jí i. Lábẹ́ orúkọ Wi-Fi náà nínú Paramètres (Settings), àyè wà láti sọ fún tábúlẹ́ẹ̀tì pé ohun tí a ń sanwó rẹ̀ ni. Ẹ yàn án lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé. Àwa tí a wà níbí lọ́dún 2018 kò gbọdọ̀ fi mẹ́gábáìtì ṣeré. Ìjọba fẹ́ gba fránkì 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn, ìyẹn fránkì 5,000 lórí gígábáìtì kan ṣoṣo. Ariwo àwọn ọ̀dọ́ ló jẹ́ kí wọ́n fagi lé e ní oṣù September ọdún náà.

Fún ẹ̀yin tí tábúlẹ́ẹ̀tì yín gba puce, tí ẹ sì ń ná ọjà Ìgólo: ẹsẹ̀ yín lè wà ní Benin kí ẹ̀rọ yín ti máa kí yín káàbọ̀ sí Nàìjíríà. Àwọn ará Kétu tó ń lọ sí Ìlárá mọ̀ ọ́n bákan náà. Ìgbì rédíò kò mọ ibodè. Ẹ pa Itinérance (roaming, ìyẹn lílo ilé iṣẹ́ fóònù ìlú mìíràn) kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì fọwọ́ ara yín yan ilé iṣẹ́ tí ẹ ń lò, kó má lọ máa gbé owó yín fún ẹlòmíràn. Lápá Ṣábẹ, òkè ló máa ń dí ìgbì náà. Bí 4G bá di E, ìyẹn kọnẹ́síọ̀n àtijọ́ tó ń falẹ̀, lókè ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má wo fídíò.

Nǹkan kan tún wà tí kò jọ ohun tó kan íntánẹ́ẹ̀tì: aago. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́ tí bátìrì rẹ̀ ti tán pátápátá lè jí kó máa sọ pé ọdún 2015 la wà. Ojúewé tó láàbò máa ń wo déètì kó tó ṣílẹ̀kùn. Bí déètì yín bá jìnnà sí òtítọ́, á ní ibẹ̀ léwu, kò ní ṣí. Ẹ lọ sí Date et heure, ẹ tún un ṣe. Lórí àwọn ẹ̀rọ Linux, ẹ ó rí orúkọ ìlú yín gan-an nínú àkójọ aago ayé, Africa/Porto-Novo. Kò sí ìlú mìíràn ní Benin tó bá Àjàṣẹ́ pín iyì yẹn.

Tíṣà kan béèrè bóun ṣe lè so tábúlẹ́ẹ̀tì òun mọ́ projecteur ní kíláàsì. Ó ti ra okùn tó ti ẹnu USB-C bọ́ sí HDMI, kò sì rí àwòrán. Ẹ má bínú, tíṣà. Ẹnu USB-C kan náà ló wà lára gbogbo wọn, àmọ́ iṣẹ́ inú rẹ̀ kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ń fi tirẹ̀ gba iná, ó ń fi kó fáìlì, kò sì mọ bí a ti ń gbé àwòrán jáde níbẹ̀. Okùn yín kò bàjẹ́. Ohun tí irú tábúlẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lè ṣe ni kó kó fáìlì sórí clé USB, kí ẹ ki clé náà sí ẹ̀yìn projecteur, bí projecteur bá ní ihò rẹ̀. Ẹ wò ó kí ọjọ́ ẹ̀kọ́ tó dé.

Bàbá kan ló béèrè kẹ́yìn. Wọ́n ra pátákó ìtẹ̀wé Bluetooth láti fi máa kọ ìtàn ìdílé wọn ní Yorùbá. Bí wọ́n bá tẹ A, Q ló ń jáde. Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ ìtàn. AZERTY, ìtò lẹ́tà ti Faransé, ni pátákó yín, tábúlẹ́ẹ̀tì sì rò pé QWERTY, ti Gẹ̀ẹ́sì, ni. Ẹ jẹ́ kó wà lórí Bluetooth, ẹ wọ Paramètres, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Clavier physique sí, ẹ yan Français. A á padà sípò A. Ẹ̀yin tó ń lo AZERTY tilẹ̀ rí ààyè jẹ, é, è, à àti ù ti wà lójú rẹ̀ láìwá a kiri. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ, tàbí ɛ àti ɔ fún ẹ̀yin tó ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Benin níbí. Fún ẹ, ọ àti ṣ, ẹ fi Yorùbá kún èdè inú Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google tó ń yọ lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ máa fi ìka tẹ àwọn yẹn lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi pátákó tẹ ìyókù. Bàbá náà ní ọwọ́ méjì lórí nǹkan méjì á pẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ajé, ká jọ wá bọ́tìnì tí wọn ò lò rí, ká sọ ọ́ di ẹ.